Ipa Mike Slive gẹ́gẹ́ bí Kọmíṣọ́nnà Àjọ Eré Ìdárayá SEC ní Amẹ́ríkà, 2002–2015

Ìfáàrà

Bí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà "kọmíṣọ́nnà" ní ilẹ̀ wa, ẹni tí gómìnà yàn sí ipò ìṣèjọba tàbí ọ̀gá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Irú kọmíṣọ́nnà tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn yunifásítì a máa kó ara wọn jọ sínú àjọ kan kí wọ́n lè máa bá ara wọn díje nínú eré ìdárayá, wọn a sì gba ẹnì kan síṣẹ́ láti máa bójú tó àjọ náà. Ẹni náà ni wọ́n ń pè ní kọmíṣọ́nnà. Àwọn ọ̀gá àgbà yunifásítì ni ọ̀gá rẹ̀. Kò lè gba akọ́nimọ̀ọ́gbá kankan fún yunifásítì, kò sì lè lé e. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ìbò, àwọn yunifásítì ni wọ́n ń dìbò, kì í ṣe òun.

Báwo wá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe lè yí nǹkan padà? Ìbéèrè tí a fẹ́ fi iṣẹ́ Mike Slive dáhùn nìyí. Òun ni kọmíṣọ́nnà àjọ Southeastern Conference, tí gbogbo ayé mọ̀ sí SEC, láti ọdún 2002 títí di 2015. Èrò wa ni pé ẹnu ni agbára rẹ̀, àti pé ibi tí ẹnu náà ṣiṣẹ́ dé, àti ibi tí kò ṣiṣẹ́ dé, ni ó yẹ kí òpìtàn fi wọn iṣẹ́ rẹ̀.

Àjọ SEC kí Slive tó dé

Ọdún 1932 ni wọ́n dá àjọ SEC sílẹ̀ pẹ̀lú yunifásítì mẹ́tàlá ní ẹkùn gúúsù Amẹ́ríkà. Eré tí ó gbajúmọ̀ jù lọ láàrin wọn ni fúbọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù sáré, tí kò bá fúbọ́ọ̀lù tiwa tan. Kọmíṣọ́nnà wọn àkọ́kọ́, tí ó dé ipò ní ọdún 1940, ni Martin Conner, ẹni tí ó ti ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Mississippi rí, ní àkókò tí òfin ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ funfun níbẹ̀. Kí òǹkàwé fi ìpínlẹ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà síbẹ̀.

Kò sí aláwọ̀ dúdú kankan tí ó kópa nínú ìdíje fúbọ́ọ̀lù SEC títí di ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1967, nígbà tí Nate Northington ti Yunifásítì Kentucky wọ pápá. Láàrin ọdún mélòó kan sí i, ìlẹ̀kùn ti ṣí fún àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú láti máa sá eré. Ṣùgbọ́n ṣíṣí ìlẹ̀kùn fún ẹni tí yóò sáré yàtọ̀ sí ṣíṣí i fún ẹni tí yóò pàṣẹ. Nígbà tí Slive fi máa dé ní ọdún 2002, àádọ́rin ọdún ti kọjá, kò sì tíì sí aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo tí ó jẹ́ olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá fúbọ́ọ̀lù nínú gbogbo àjọ náà.

Adájọ́ tí ó di alábòójútó eré

Ọmọ ìlú Utica, ní ìpínlẹ̀ New York, ni Slive. Ọdún 1940 ni wọ́n bí i. Ó kàwé ní Dartmouth, ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Virginia, ó sì ṣe agbẹjọ́rò àti adájọ́ ní ìpínlẹ̀ New Hampshire kí eré ìdárayá tó gbà á lọ́wọ́ ilé ẹjọ́. Ó jẹ́ olùdarí ètò eré ìdárayá ní Yunifásítì Cornell láti 1981 sí 1983. Lẹ́yìn náà ni òun àti agbẹjọ́rò kan, Mike Glazier, jọ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ tí ó ń gba àwọn yunifásítì nímọ̀ràn bí wọ́n bá kó sí wàhálà pẹ̀lú NCAA, ìyẹn àjọ tí ó ń ṣòfin eré ìdárayá fún àwọn yunifásítì jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Ìdí iṣẹ́ yìí, ní tiwa, ni ó ti kọ́ ohun tí ó wúlò fún un jù lọ. Ó ti rí bí àṣírí ṣe ń tú, àti bí ọ̀gá àgbà yunifásítì ṣe máa ń ṣe nígbà tí ìtìjú bá dé bá ilé rẹ̀.

Ní ọdún 1991 ó di kọmíṣọ́nnà àkọ́kọ́ fún àjọ Great Midwest. Nígbà tí àjọ yẹn àti òmíràn para pọ̀ di Conference USA ní 1995, òun náà ni wọ́n fi ṣe kọmíṣọ́nnà àkọ́kọ́. Yunifásítì Houston wà lára àwọn tí ó wọ abẹ́ àbójútó rẹ̀ ní 1996, níbi tí ọmọ Èkó wa, Hakeem Olajuwon, ti gba básíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù láti 1981 sí 1984, ṣùgbọ́n Olajuwon ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́ kí Slive tó dé.

Ọ̀rọ̀ ìrúfin

Ilé tí ń jó ni SEC nígbà tí Slive gba ibẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2002 gan-an ni NCAA fi ìyà jẹ Yunifásítì Alabama, tí ó gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ mọ́kànlélógún lọ́wọ́ wọn, tí ó sì fi wọ́n sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún márùn-ún. Kentucky náà ń jìyà tirẹ̀. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ń fi ẹjọ́ ara wọn sùn lábẹ́lẹ̀. Slive kéde pé òun fẹ́ kí gbogbo yunifásítì àjọ náà bọ́ kúrò lábẹ́ ìjìyà láàrin ọdún márùn-ún. Kò rí bí ó ti fẹ́ délẹ̀délẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà yẹ fún àkíyèsí. Ní 2004 wọ́n ṣe ìlànà pé bí yunifásítì kan bá fura sí èkejì, kí ó kọ́kọ́ sọ fún un lójúkojú, kí ó sì mú ọ̀rọ̀ wá sọ́dọ̀ kọmíṣọ́nnà, dípò kí ó máa tú u síta. Ìlànà adájọ́ ni. Àpẹẹrẹ kan hàn ní oṣù kejì 2009. Lane Kiffin, akọ́nimọ̀ọ́gbá Tennessee, dìde ní gbangba, ó fẹ̀sùn kan Urban Meyer ti Florida pé ó rú òfin. Meyer kò rú òfin kankan. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Slive bá Kiffin wí ní gbangba, Kiffin sì tọrọ àforíjì.

Sylvester Croom

Slive kò fi bò pé òun fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú di olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá nínú SEC. Àmọ́ a ti sọ pé kò ní àṣẹ láti gba ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó máa sọ ọ́ létí àwọn ọ̀gá àgbà àti àwọn olùdarí eré ìdárayá, kí ó sì máa sọ ọ́ lásọtúnsọ. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ni í yọ obì lápò.

Ní oṣù karùn-ún 2003, Alabama ń wá akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun. Sylvester Croom wà lára àwọn tí wọ́n wò. Ọmọ Alabama ni, ó sì wà lára àwọn aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá fúbọ́ọ̀lù fún yunifásítì náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí iwájú. Ó ti ṣe igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mike Shula, aláwọ̀ funfun tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ni wọ́n mú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀.

Kò parí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá ọdún 2003, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Mississippi gba Croom. Larry Templeton, olùdarí eré ìdárayá wọn, ni ó mú un, kì í ṣe Slive. Ó sì yẹ kí a fún un ní oríyìn tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi Croom nípa àwọ̀ rẹ̀, ó fèsì pé àwọ̀ kan ṣoṣo tí ó já mọ́ nǹkan níbẹ̀ ni àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ti yunifásítì náà. Ìpínlẹ̀ Conner nìyẹn o, níbi tí àwọn alágbára ti fi gbogbo ipá wọn dènà kí aláwọ̀ dúdú tó lè wọ yunifásítì.

Ẹrù tí wọ́n gbé lé Croom lórí kò fúyẹ́. Ní 2004 ni NCAA fi ìyà jẹ yunifásítì náà fún ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ti dá kí ó tó dé. Ó borí nínú ìdíje mọ́kànlélógún, ó sì pàdánù méjìdínlógójì. Ní 2007 wọ́n yàn án ní akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó pegedé jù lọ nínú SEC. Ní 2008 ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan fi èyí sọ pé kò yege. Àwa kò gbà. Ní 2012, aláwọ̀ dúdú mẹ́ta ni olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá fúbọ́ọ̀lù nínú yunifásítì mẹ́rìnlá tí ó wà nínú SEC: Joker Phillips ní Kentucky, James Franklin ní Vanderbilt àti Kevin Sumlin ní Texas A&M. Ojú ọ̀nà tí Croom là ni wọ́n gbà.

Owó amóhùnmáwòrán

Ibí ni àwọn oníròyìn ti máa ń yin Slive jù. Ní 2008 ó bá iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán ESPN ṣe àdéhùn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ìròyìn ìgbà náà pè ní nǹkan bí bílíọ̀nù 2.25 dọ́là, yàtọ̀ sí ti CBS. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2014, ìkànnì amóhùnmáwòrán ti SEC fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Owó tí àjọ náà ń pín fún àwọn yunifásítì kò tó mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ́dún nígbà tí ó dé. Nígbà tí ó ń lọ, ó ti ju mílíọ̀nù 400 lọ. Láàrin kan náà, yunifásítì SEC gba ife-ẹ̀yẹ fúbọ́ọ̀lù gbogbo orílẹ̀-èdè ní ìgbà méje tẹ̀léra, láti sáà 2006 dé 2012.

Torí owó yìí ni wọ́n ṣe gba Texas A&M àti Missouri wọlé ní 2012, kí SEC lè dé ojú amóhùnmáwòrán àwọn ará Texas. Ìdíje Texas A&M àti Yunifásítì Texas, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 1894, dáwọ́ dúró lẹ́yìn 2011, kò sì padà títí di oṣù kọkànlá 2024, lẹ́yìn tí Texas pàápàá wọ SEC.

Sùúrù rẹ̀ hàn nínú ọ̀rọ̀ ìdíje àṣekágbá. Ní 2004, Auburn kò pàdánù ìdíje kankan, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí ó du ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè, nítorí pé ẹgbẹ́ méjì péré ni ètò ìgbà náà gbà. Slive gbé àbá kalẹ̀ ní 2008 pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹgbẹ́ mẹ́rin máa díje. John Swofford ti àjọ ACC nìkan ni ó gbè é lẹ́yìn láàrin àwọn kọmíṣọ́nnà àjọ ńláńlá. Kò bínú, kò sì dákẹ́. Ní oṣù kẹfà 2012 ni wọ́n gba àbá náà, ìdíje ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́rin sì bẹ̀rẹ̀ ní sáà 2014.

Àwọn eléré ńkọ́?

Ìdí abájọ nìyí. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ń gba mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń sáré, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, kò gbà ju ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, oúnjẹ àti ibùgbé lọ. Slive mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dára. Ní oṣù keje 2011 ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ kíyè sí. Ó ní kí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ kájú gbogbo ìnáwó akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n lè fún un fún ju ọdún kan lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àti pé kí máàkì tí eléré gbọ́dọ̀ ní láti ilé ẹ̀kọ́ girama kí ó tó lè díje lọ sókè láti 2.0 sí 2.5. NCAA fi í sí 2.3. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú láti fi 2,000 dọ́là kún owó àwọn eléré, àwọn yunifásítì kéékèèké fi ìbò dá a dúró. Ní 2014 Slive kìlọ̀ pé bí wọn kò bá fún àwọn àjọ márùn-ún tí ó tóbi jù ní òmìnira láti ṣe òfin tiwọn, àwọn yóò wá ọ̀nà tiwọn. Wọ́n fún wọn ní oṣù kẹjọ, ní oṣù kìn-ín-ní 2015 sì ni wọ́n dìbò pé kí ẹ̀bùn náà kájú gbogbo ìnáwó.

Ṣùgbọ́n kí eléré máa pín nínú owó amóhùnmáwòrán fúnra rẹ̀, Slive kò bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀gá rẹ̀, ó gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ ni eléré, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ilé ẹjọ́ ni ó ṣe ohun tí ẹnu kò ṣe. Adájọ́ Claudia Wilken dá ẹjọ́ àkọ́kọ́ lórí rẹ̀, ti Ed O'Bannon, ní oṣù kẹjọ 2014. Ní oṣù kẹfà 2021, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fẹnu kò lòdì sí NCAA. Slive ti fẹ̀yìn tì ní 2015 nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ tún padà sí i lára. Ó kú ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún 2018. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 2025, Wilken yìí kan náà fọwọ́ sí àdéhùn tí ó jẹ́ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè máa san owó fún àwọn eléré rẹ̀ tààrà, tó nǹkan bí mílíọ̀nù 20.5 dọ́là ní ọdún àkọ́kọ́.