Olórí tó yọ sí àwọn ọmọ ogun lójijì: akin ni àbí olóṣèlú?

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ni iyàn tó máa ń bẹ́ sílẹ̀ nígbàkúgbà tí ààrẹ kan bá ṣàdédé yọ sójú ogun. Àwọn kan á ní, "Ọkùnrin ni!" Àwọn mìíràn á ní, "Ìbò ló ń wá kiri." Ta ló jàre? Ìtàn méjì ni mo fẹ́ ká fi wò ó. Ọ̀kan ṣẹlẹ̀ ní Maiduguri ní 2015. Èkejì ṣẹlẹ̀ nílé wa níbí, ní Kabba, ní 1897.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì rántí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kínní ọdún 2015, Boko Haram gba bárékè àwọn ọmọ ogun tó wà ní Baga, létí adágún Chad. Wọ́n sun ilé, wọ́n sì pa èèyàn lọ bẹẹrẹ. Iye òkú gan-an di àríyànjiyàn: àwọn ológun ní 150, àwọn mìíràn ní ó lè tó 2,000. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra ni wọ́n pa àwọn oníwèé ìròyìn kan ní Paris. Kò pẹ́ rárá tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fi bá Faransé kẹ́dùn. Ti Baga ńkọ́? A ò tètè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ariwo ta nílé, ó ta lókè òkun.

Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù náà, tó jẹ́ ọjọ́ ìrántí àwọn ológun tó ti ṣubú, Jonathan balẹ̀ sí Maiduguri lójijì. Wọn ò kéde rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó bá àwọn ọmọ ogun sọ̀rọ̀, ó yà kí àwọn tí ogun lé kúrò nílé, ó sì padà. Ìbò ààrẹ tí wọ́n fi sí ọjọ́ 14 oṣù Kejì ku bí oṣù kan.

Ká má purọ́, ewu wà níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2013, Boko Haram ti já wọ ibùdó àwọn ológun òfurufú ní Maiduguri kan náà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi bá àwọn tó ní yíyọ́ wọ̀lú jẹ́ àmì ojo lọ. Olórí tó bá kéde ọ̀nà tó máa gbà lójú ogun ń pe bọ́ǹbù ni. George Bush ti Amẹ́ríkà náà yọ́ lọ sí Baghdad ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 2003, lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń ṣe àjọyọ̀ ìdúpẹ́, ó sì bá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jẹun.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju eéje lọ. Wọ́n jí àwọn ọmọbìnrin 276 gbé ní Chibok ní oṣù Kẹrin ọdún 2014. Jonathan fẹ́ lọ síbẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, ó sì fagi lé ìrìn àjò náà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kínní 2015, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn àbẹ̀wò òjijì yẹn, ó tún padà sí Maiduguri, lọ́tẹ̀ yìí fún ìpolongo ìbò. Ní ọjọ́ kejì, Boko Haram kọ lu ìlú náà, wọ́n sì gba Monguno. Wọ́n sún ìbò sí ọjọ́ 28 oṣù Kẹta. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun gba Baga padà ní oṣù Kejì, Jonathan tún lọ síbẹ̀. Ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì bí ìlẹ̀kẹ̀ nínú okùn.

Bí ẹ bá bi mí, kì í ṣe ibẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 2014, kò tíì pé oṣù kan ṣáájú àbẹ̀wò yẹn, ilé ẹjọ́ ológun dá ikú fún ọmọ ogun 54 pé wọ́n kọ̀ láti lọ bá Boko Haram jà. Agbẹjọ́rò wọn ní wọn ò fún wọn ní ohun ìjà tó tó. Ọdún kan kọjá kí wọ́n tó sọ ìdájọ́ náà di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ẹ fi méjèèjì sórí ìwọ̀n. Ọmọ tálákà tó ní òun ò lè fi ọwọ́ lásán kojú ìbọn, ojo la pè é, a sì ní kó kú. Olórí tó lo wákàtí díẹ̀ láàárín ẹ̀ṣọ́, akin la pè é. Ìwọ̀n yẹn ò dọ́gba.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Kí àwọn òyìnbó tó dé, Bídà ló ń jẹ gàba lórí ilẹ̀ Okun. Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú, kò sí èyí tí ogun Tápà ò dé. Ìṣákọ́lẹ̀ tí wọ́n ń gbà di èèyàn: ọmọ ẹni ni wọ́n ń kó lẹ́rú. Ní oṣù Kínní 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company gbéra ní Lọ́kọ́ja, wọ́n kọrí sí Kabba níbi tí ogun Tápà pàgọ́ sí. Wọ́n lé díẹ̀ ní 500, àwọn aláàárù sì pọ̀ lẹ́yìn wọn. Mejọ̀ Arnold ló ń darí wọn. Ẹni tó bá wọn rìn ni George Goldie fúnra rẹ̀, ọ̀gá pátápátá ilé-iṣẹ́ náà, tó lè jókòó sí London kó máa retí wáyà. Nígbà tí wọ́n dé Kabba, àwọn ọmọ ogun Tápà ti sá. Goldie kéde pé ilẹ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ Bídà.

Ṣé ìgboyà ni? Bẹ́ẹ̀ ni. Kò pẹ́ tí òun náà fi wà níbi ogun Bídà, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹ́ṣin ti dojú kọ wọn. Ṣé òṣèlú ni? Bẹ́ẹ̀ ni, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún méjì ṣáájú, àwọn ará Brass ti kọ lu ilé-iṣẹ́ náà ní Akassa nítorí òwò tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn, orúkọ Goldie sì ti bàjẹ́ ní London. Àwọn Faransé náà ń fẹ́ ilẹ̀ Borgu. Ó pọn dandan kó fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀ tó ń pè ní tòun.

Kí ló wá kù fún wa? Ogun ẹrú Tápà dópin, n kò sì ní kóyán ìyẹn kéré. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi àwọn baba wa pé ibo ni wọ́n fẹ́ wà. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n san £865,000 fún un. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kínní 1900, Kabba di ara ìhà Àríwá, a sì yà kúrò lára àwọn Yorùbá yòókù. Ẹgbẹ́ Action Group jà pé kí Ìlọrin àti Kabba padà sí Ìwọ̀ Oòrùn kó tó di òmìnira, kò bọ́ sí i. A wọ Kwara ní 1967, a wọ Kogi ní 1991. Ohun tí a ṣì ń jiyàn lé lórí nìyẹn títí dòní.

Nítorí náà, èrò tèmi rèé. Òṣèlú ni gbogbo àbẹ̀wò olórí sójú ogun, kódà nígbà tí ìgboyà bá wà nínú rẹ̀. Ìgboyà nìkan kì í sì gba ìlú là. Aláàfin Olúewu fúnra rẹ̀ lọ sógun Ìlọrin ní nǹkan bí 1835. Kò padà, Ọ̀yọ́ Ilé sì tú. Iṣẹ́ olórí ni kó pèsè ìbọn, oúnjẹ àti owó oṣù, kó sì mọ ibi tí ogun máa já sí. Ẹ má bi í bóyá àyà rẹ̀ kò já. Ẹ bi í pé, nígbà tí bàálù rẹ̀ gbéra, kí ló fi sílẹ̀ fún ọmọ ogun tó kù sẹ́yìn? Kí ló fi sílẹ̀ fún ará ìlú?

Àwọn ará Borno dáhùn lọ́nà tiwọn ní oṣù Kẹta 2015: Buhari ní ìbò 473,543 níbẹ̀, Jonathan ní 25,640. Ní oṣù Kọkànlá 2018, lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn ọmọ ogun wa ní Metele, Buhari náà lọ sí Maiduguri, ìbò mìíràn sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìbéèrè kan náà ló kan òun náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín ohun tí wọ́n gbọ́ nípa ogun Tápà, kí ẹ fi ohùn wọn ránṣẹ́ sí wa kó tó pẹ́ jù. Ó dìgbà kan ná. Okun o.