Báàjì Àyà gẹ́gẹ́ bí Ohùn Ará Ìlú: Ìtàn Rẹ̀ láti Ọdún 1787 títí di 1969

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Òwe yìí bá ìlànà àrokò mu. Ẹni tí a fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ ń fà sí òun. Ẹni tí ó gbé e lọ sì lè má mọ ohun tí òun gbé dání. Ọ̀rọ̀ àárín ènìyàn méjì ni àrokò. Báàjì àyà, èyí tí í ṣe kókó iṣẹ́ yìí, yàtọ̀ sí i. Ẹni tí ó fi báàjì kọ́ àyà ń bá gbogbo ẹni tí ó bá pàdé lójú ọ̀nà sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́, ìbáà ṣe ọ̀tá.

Báàjì yàtọ̀ sí ilà ojú pẹ̀lú. Ẹni tí wọ́n kọ ilà fún ní kékeré kò yan ilà náà fúnra rẹ̀, kò sì lè bọ́ ọ sílẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú. Báàjì ṣe é bọ́. Nítorí pé ó ṣe é bọ́ nígbàkúùgbà ni kíkọ̀ láti bọ́ ọ fi di ọ̀rọ̀ ńlá. Èrò tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ nìyí: owó tí wọ́n fi ń ṣe báàjì kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ohun tí ó lè ná ẹni tí ó lò ó ni ó ń sọ bí ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ ti wúwo tó. Ìtàn mẹ́ta ni ó máa tan ìmọ́lẹ̀ sí èrò yìí: ti àmì amọ̀ Wedgwood ní ọdún 1787, ti báàjì ìbò ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1896, àti ti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Mississippi ní ọdún 1964 àti 1965.

Àmì Amọ̀ Wedgwood

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1787, ọkùnrin méjìlá pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti fi òpin sí òwò ẹrú. Mẹ́sàn-án nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ Quaker. Kò pẹ́ tí Josiah Wedgwood, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ amọ̀ ní Staffordshire, fi darapọ̀ mọ́ wọn. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ fi amọ̀ ṣe àmì kékeré kan. Àwòrán tí ó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ti ẹrú kan tí ó wà lórí ìkúnlẹ̀, tí a fi ẹ̀wọ̀n dè, tí ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀. Gbólóhùn tí ó yí i ká ń béèrè bóyá òun kì í ṣe ènìyàn, bóyá òun kì í ṣe arákùnrin. Wedgwood fúnra rẹ̀ ni ó gbé ìnáwó rẹ̀. Ní ọdún 1788 ó fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí Benjamin Franklin ní Amẹ́ríkà. Thomas Clarkson, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọkùnrin ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí àpótí áṣáà wọn, àwọn obìnrin sì ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ àti ohun ọ̀ṣọ́ irun.

Ní ọdún 1807, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Òfin yìí ni ó mú kí àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi wọn máa ṣọ́ etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá gan-an. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí, ọmọdékùnrin kan, lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822 ni àwọn ọkọ̀ ogun náà gba ọkọ̀ ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì kó o lọ sí Freetown. Òun ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ní ọdún 1864.

Àṣìṣe ni yóò jẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé àmì amọ̀ ni ó dá Àjàyí nídè. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó para pọ̀: ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ará ìlú fi ọwọ́ sí, ìṣọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú fúnra wọn, pàápàá ní Haiti láti ọdún 1791, àti ọ̀rọ̀ ìṣèlú àti ìṣúná. Ipa tí àmì náà kó ni pé ó gbé ọ̀rọ̀ òwò ẹrú wọ inú yàrá àlejò àti ibi àsè, níbi tí wọn kì í ti í sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Síbẹ̀, àbùkù kan wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ kí a fojú fò. Ọmọ Áfíríkà tí ó wà lórí àmì yìí kúnlẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ni ó ya á, ẹlòmíràn ni ó fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, ẹlòmíràn náà ni ó sì fi ṣe ọ̀ṣọ́. Àánú ni àmì náà ń tọrọ fún un, kì í ṣe ẹ̀tọ́.

Láti Bọ́tìnnì Aṣọ dé Báàjì

Ní Amẹ́ríkà, bọ́tìnnì aṣọ gan-an ni ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ báàjì. Nígbà tí George Washington gorí oyè Ààrẹ ní ọdún 1789, àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ rán bọ́tìnnì idẹ tí a gbẹ́ orúkọ rẹ̀ ní ìkékúrú sí lára mọ́ ẹ̀wù wọn. Nígbà ìbò ọdún 1860, àwòrán Abraham Lincoln tí a fi ẹ̀rọ yà sórí irin pẹlẹbẹ, tí a sì fi idẹ yí ká, ni wọ́n ń lò.

Ìyípadà ńlá dé ní ọdún 1896. Ilé iṣẹ́ Whitehead and Hoag ní ìlú Newark, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọgbọ́n tuntun kan. Wọ́n á tẹ àwòrán sórí bébà, wọ́n á fi ike fẹ́lẹ́ tí ó mọ́ gaara, tí à ń pè ní celluloid, bò ó, wọ́n á fi méjèèjì bo irin róbótó, wọ́n á wá fi òrùka irin há etí wọn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn. Wáyà tí a tẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, ni wọ́n ń fi sínú òrùka yìí láti fi kọ́ ọ mọ́ aṣọ. Báyìí ni báàjì ṣe di ohun olówó pọ́ọ́kú, tí ẹ̀rọ lè ṣe lọ́pọ̀ yanturu. Nígbà tí ó tún yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àwòrán sórí irin náà tààrà, ó sì tún dínwó sí i.

Nínú ìbò ọdún 1896 yẹn, William McKinley dúró fún owó tí ó fi wúrà ṣe ìdí, William Jennings Bryan sì ń fẹ́ kí fàdákà bá wúrà ṣiṣẹ́ owó. Báàjì ìhà méjèèjì kún ìgboro. Ní àkókò kan náà, àwọn onísìgá ń fi báàjì ṣe ẹ̀bùn fún àwọn oníbàárà wọn. Láti ìgbà náà ni báàjì ti di ara ọ̀ṣọ́ ìbò. Àmọ́ ọ̀pọ̀ báàjì kì í ṣe ọ̀pọ̀ ìbò. Ní ọdún 1940, àwọn alátìlẹ́yìn Wendell Willkie fi oríṣiríṣi báàjì bu ẹnu àtẹ́ lu Franklin Roosevelt pé kò yẹ kí ó ṣe Ààrẹ lẹ́ẹ̀kẹta. Síbẹ̀ Roosevelt ni ó wọlé. Ohun tí ó rọrùn láti fi sáyà ni, kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ti àwọn obìnrin tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò yàtọ̀. Láti ọdún 1908 ni àwọn obìnrin ẹgbẹ́ WSPU ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo báàjì àti aṣọ aláwọ̀ àlùkò, funfun àti ewéko. Ẹni tí òfin kò gbà láyè láti dìbò ni ó ń fi báàjì wọ inú ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Ẹ̀gàn àti ẹ̀wọ̀n sì wà níwájú rẹ̀.

Báàjì ní Ilé Ẹ̀kọ́: Mississippi

Ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba jù lọ ní ìlú Philadelphia, ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Ní àsìkò yìí, àwọn ènìyàn dúdú tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò ní ìpínlẹ̀ náà kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá àwọn tí ó tó dìbò. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1964, wọ́n pa James Chaney, Andrew Goodman àti Michael Schwerner, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀tọ́ ìdìbò, nítòsí ìlú yìí. Oṣù Kẹjọ ni wọ́n tó rí òkú wọn.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà kò tíì parí nígbà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Booker T. Washington, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ènìyàn dúdú ní ìlú náà, fi báàjì kọ́ àyà wá sí ilé ẹ̀kọ́. Báàjì náà kò ju íńṣì kan ààbọ̀ lọ. Ohun tí wọ́n kọ yí i ká ni ‘Ẹnì kan, ìbò kan’. SNCC, orúkọ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà nídìí ìjàkadì náà, ni ó wà láàárín. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò ó. Nígbà tí ó ṣe, ọgbọ̀n sí ogójì ọmọ fi í sáyà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá fi ọ̀nà méjì síwájú wọn: kí wọ́n bọ́ ọ, tàbí kí wọ́n máa lọ sílé. Púpọ̀ jù nínú wọn lọ sílé. Wọ́n sì dá wọn dúró kúrò nílé ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn òbí kan gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1965, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Issaquena ní ìpínlẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀nà mìíràn yọ. Àwọn ọmọ ń pín báàjì kiri nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ń fi kọ́ àyà àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí kò béèrè fún un. Ẹ̀kọ́ dàrú. Ó ju ọ̀ọ́dúnrún ọmọ tí wọ́n dá dúró.

Ní ọjọ́ kan náà nínú oṣù Keje ọdún 1966 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan náà dá ẹjọ́ méjèèjì. Ó dá àwọn ọmọ Philadelphia láre, nítorí pé báàjì wọn kò dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, àwọn aláṣẹ kò sì lè fi òfin pa ohùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu torí pé wọn kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó dá àwọn ti Issaquena lẹ́bi. Ní ọdún 1969, nígbà tí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ń dá ẹjọ́ Tinker, ìlànà tí ẹjọ́ Philadelphia fi lélẹ̀ ni ó gbé ìdájọ́ rẹ̀ kà.

Ó rọrùn láti ka ìdájọ́ méjèèjì sí ọ̀rọ̀ ìwà létòlétò nìkan. Ṣùgbọ́n wọ́n tún fi ohun mìíràn hàn nípa báàjì. Ọmọ tí ẹlòmíràn fi báàjì kọ́ láyà lójijì kò tíì sọ ohunkóhun. Àwọn ọmọ Philadelphia ní àyè láti bọ́ ti wọn. Bí wọn kò ti bọ́ ọ ni ó fi di ọ̀rọ̀.

Ìkádìí

Láti ọdún 1787 sí 1964 jẹ́ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́sàn-án. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ Áfíríkà wà lórí ìkúnlẹ̀ lára àmì tí ẹlòmíràn ń lò. Ní ìparí, àwọn ọmọ ìran tí a kó kọjá òkun fi ọ̀rọ̀ ara wọn sáyà ara wọn, wọ́n dúró lórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì béèrè ẹ̀tọ́, kì í ṣe àánú. Òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 1965. Báàjì nìkan kọ́ ni ó mú un wá, gẹ́gẹ́ bí kì í ti í ṣe amọ̀ nìkan ni ó dá Àjàyí nídè. Ṣùgbọ́n òpìtàn tí ó bá ń wá ẹ̀rí bí ọ̀rọ̀ ìṣèlú ti rí lára àwọn tí kò ní ìwé ìròyìn, tí kò ní orí pẹpẹ, tí kò sì ní ìbò, kò gbọdọ̀ ka irin kékeré yìí sí ohun ìṣeré. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó bi í kì í ṣe iye tí wọ́n rà á, bí kò ṣe ohun tí ó ná ẹni tí kò gbà láti bọ́ ọ.