Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Iye Kòkó, Iye Epo àti Iṣẹ́ Àwọn Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ kan ni ó ń jáde lẹ́nu àwọn òbí ní gbogbo ẹ̀ka Ẹgbẹ́ wa: ọmọ ti kàwé jáde, kò rí ẹni gbà á síṣẹ́. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí; àwọn mìíràn ní ẹ̀kọ́ wọn kò jinlẹ̀ bí ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Kí a tó dá ọmọ lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn wò. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni pé, láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún, iye tí àwọn ará òkèèrè bá san lórí ohun kan ṣoṣo tí a ń tà fún wọn ni ó ń pinnu iye ọmọ wa tí yóò jókòó nídìí tábìlì akọ̀wé.

Nígbà tí ojú irin láti Èkó wọ Ìbàdàn ní 1901, iṣẹ́ titun bá a wọlé. Rélùwéè ń fẹ́ akọ̀wé, ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa tẹ wáyà, ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa ka ẹrù. Ìjọba àti àwọn òyìnbó oníṣòwò náà ń wá ẹni tí ó mọ̀wé. Kòkó wà lára ẹrù tí ọkọ̀ ń kó lọ sí èbúté, owó rẹ̀ sì ń gbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ró. Ní ìparí 1929 ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé, ti Yúróòpù sì tẹ̀ lé e. Iye kòkó já wálẹ̀, owó ibodè tí ìjọba ń gbà lórí ẹrù sì dínkù. Kí ni ìjọba ṣe? Ó dá òṣìṣẹ́ dúró. Rélùwéè sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wákàtí ṣírò owó fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tí ó jáde ilé ìwé ní 1928 lè rí iṣẹ́, kí àbúrò tí ó jáde ní 1931 má rí. Ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì kà.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ojú tún là. Iye kòkó gòkè púpọ̀ ní 1954, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní 1955. Ilé ìwé kún gbogbo ìlú, olùkọ́ kò tó. Àwọn òyìnbó ń lọ bí òmìnira 1960 ti ń bọ̀, àwọn ọmọ wa sì ń gba ipò wọn. Ní àkókò náà, ẹni tí ó ka ìwé kẹfà lè di tíṣà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àkọ́kọ́ jáde ní 1960, wọ́n sì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iye kòkó ń rọ̀ sẹ́yìn. Ní 1965, ọdún tí wọ́n parí Ilé Kòkó ní Ìbàdàn, ó ti wálẹ̀ gan-an. Ìjọba ti dá oko ńláńlá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ó jáde ilé ìwé kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí oko náà gbà kò tó nǹkan lára àwọn tí ń rìn kiri ìgboro.

Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ti gba Gánà lọ ṣòwò ní ọjọ́ tí ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n kòkó ni Gánà náà gbójú lé. Nígbà tí gbèsè àti àìríṣẹ́ṣe há ìjọba Busia mọ́ra, ó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀ lọ́hùn-ún. A kò gbọdọ̀ gbàgbé, nítorí kò pẹ́ tí ó fi kan àwa náà láti ṣe irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Epo rọ̀bì ni ó gba ipò kòkó. Láàárín 1973 sí 1974 iye àgbá epo kan fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Owó Udoji dé ní 1975, ìjọba ń gbani síṣẹ́, ẹlòmíràn kò tíì jáde yunifásítì tí iṣẹ́ ti ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí epo bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, ìjọba Shagari ṣe òfin ìṣúnwóná ní 1982. Ní oṣù kìíní 1983 a lé àjèjì tí ó lé ní mílíọ̀nù kan jáde, ará Gánà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Láti 1984 ìjọba ológun dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ dúró, ètò tí a mọ̀ sí SAP sì dé ní 1986, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Ní 2016, lẹ́yìn tí epo tún já wálẹ̀, ọrọ̀ ajé súnkì, ìpínlẹ̀ púpọ̀ sì jẹ owó oṣù. Láti 2023, tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù tí ó sì jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀, ilé iṣẹ́ ńlá mélòó kan láti òkèèrè ti kó lọ. Owó oṣù tí ó kéré jù di 70,000 náírà ní 2024, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ríṣẹ́ kò lè gbà á.

Kí ni a rí kọ́? Iṣẹ́ tí ó so mọ́ àpò ìjọba ń tètè gbẹ nígbà ọ̀dá. Ṣùgbọ́n ọ̀dá kan náà a máa bí iṣẹ́ mìíràn. Nígbà tí ọkọ̀ titun di ọ̀wọ́n lẹ́yìn 1986, ọkọ̀ tòkunbọ̀ gba títì, mẹkáníìkì sì rí ọkọ̀ tún ṣe. Ẹni tí kò lè ra titun yóò tún ògbólógbòó ṣe, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe ni yóò sì wá.

Nítorí náà ni a ṣe ń mú àbá kan wá síwájú ìpàdé gbogbogbò Ẹgbẹ́ wa. Ọmọ ilé ìwé nìkan ni owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ wa ń lọ bá. A bẹ̀bẹ̀ pé kí a yọ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́: owó ọ̀gá rẹ̀, àti irinṣẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá gba ìyọ̀ǹda. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú òyìnbó, irinṣẹ́ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ yóò pẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ju aṣọ ọdún lọ. A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní a fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ dí ọmọ tálákà lọ́nà ìwé. Ẹ̀rù náà tọ́, nítorí náà ni a ṣe ní kí ó má jẹ́ ọmọ tí ó gbá òdo nìkan ni a ó máa rán lọ kọ́ṣẹ́. Kí ọmọ tí ó gba ipò kìíní pẹ̀lú mọ iṣẹ́ kan. A kò lè pàṣẹ iye epo fún ayé. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa ni ohun tí a ó fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ wá sí ìpàdé, kí a jọ pinnu rẹ̀.