Epo ìpìlẹ̀ àlùmọ́nì

Epo ìpìlẹ̀ àlùmọ́nì ni epo tí a yọ láti ara epo rọ̀bì, tí a fi ń ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì gíá àti gírísì. Nǹkan bí ìdá 70 sí 99 nínú 100 irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ ni epo ìpìlẹ̀. Ìyókù ni kẹ́míkà tí a ń pò mọ́ ọn, fún àpẹẹrẹ, kí irin má baà dógùn-ún.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ní ilé-iṣẹ́ ìfọpo, a ń se epo rọ̀bì kí bẹńtiróòlù, kẹrosíìnì àti dísù lè kúrò nínú rẹ̀. Èyí tí ó kù ni a ń tún sè nínú ẹ̀rọ tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ooru púpọ̀ má baà bà á jẹ́. Lẹ́yìn náà, a ń yọ àwọn èròjà tí ó tètè ń bàjẹ́ kúrò, a sì ń yọ ìda inú rẹ̀, nítorí ìda kì í jẹ́ kí epo ṣàn nínú òtútù.

Ìpín

Àjọ API ti Amẹ́ríkà pín epo ìpìlẹ̀ sí ọ̀nà 5. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó wá láti ara epo rọ̀bì. Imí ọjọ́ inú ìpín kìíní lè ju 0.03% lọ, ti ìkejì àti ìkẹta kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kíki epo ìpín kẹta ni kì í yí padà púpọ̀ bí ooru bá ń pọ̀ sí i.

Lílò

Nọ́ńbà ISO VG tí ó wà lára dúrọ́ọ̀mù ń sọ bí epo ṣe ki tó ní 40 °C. VG 46 wọ́pọ̀ fún ẹ̀rọ háídírọ́líìkì. Gíá ńlá ń fẹ́ VG 220 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí epo bá ṣàn jù, irin yóò máa ha irin. Bí ó bá ki jù, ẹ̀rọ yóò máa gbóná. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, bíi ti Dangote ní Ibese, ní agbègbè Yewa tí Ìlaròó wà, jẹ́ ibi tí a ti nílò irú epo bẹ́ẹ̀ gan-an, nítorí ẹrù wúwo àti eruku òkúta.

Ní Nàìjíríà

Epo rọ̀bì Nàìjíríà fúyẹ́. Ó dára fún bẹńtiróòlù àti dísù ju fún epo ìpìlẹ̀ lọ. Nítorí náà, a kọ́ apá kan ilé-iṣẹ́ ìfọpo Kàdúná, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1980, láti máa fi epo rọ̀bì wíwúwo láti òkè òkun, bíi ti Fẹnẹsúẹ́là, ṣe epo ìpìlẹ̀, ìda àti ọ̀dà. Bí orílẹ̀-èdè náà tilẹ̀ ń ta epo rọ̀bì, ó ń ra epo ìpìlẹ̀ wọlé.

Ìlera àti àyíká

Àjọ IARC ka epo àlùmọ́nì tí a kò fọ̀ dáadáa sí ohun tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ọ́ìlì tí a ti lò máa ń ní èérún irin nínú. Bí a bá dà á sílẹ̀, ó lè wọ inú omi kànga. Ṣùgbọ́n bí a bá kó o jọ, a lè tún un fọ̀ kí ó padà di epo ìpìlẹ̀.