Báàjì Àkùkọ ní Ìbàdàn

Báàjì kékeré tí a ya àkùkọ sí, tí àwọn àgbà kan ní Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, fi pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí aṣọ, kì í ṣe ohun ẹ̀ṣọ́ lásán. Àmì ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC ni, bí ọ̀pẹ ti jẹ́ ti Action Group, ẹgbẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọ̀pọ̀ olùdìbò ayé ìjọun kò mọ̀wé, ojú ni wọ́n sì fi ń mọ ẹgbẹ́, nítorí pé olúkúlùkù òǹdíje ló ní àpótí ìbò tirẹ̀, tí a lẹ àmì mọ́ lára. Ní Ìbàdàn, Adégòkè Adélabú, olóṣèlú tí wọ́n ń pè ní Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, ló kó àwọn mọ́gàjí, àgbẹ̀ àti mẹ̀kúnnù jọ sínú Ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́, tí ó bá NCNC ṣe àjọṣepọ̀ nígbà náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, nítorí náà ibi tí baálé bá kọjú sí ni agbo ilé ń dìbò sí. Àwọn kan pe èyí ní àìmọ̀kan. Èmi kò gbà, nítorí pé àwọn olùdìbò náà mọ ẹni tí ń gbọ́ ẹ̀dùn wọn lórí owó-orí. Jàǹbá ọkọ̀ pa Adélabú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta 1958, síbẹ̀, nínú ìdìbò oṣù Kejìlá 1959, Mábọlájẹ́ ṣì ni púpọ̀ nínú àwọn ará Ìbàdàn dìbò fún.