Ta Ló Ni Àwòrán Tí Kámẹ́rà Bá Yà?

Láyé àtijọ́, nígbà tí àwọn bàbá wa bá sùn ní Ìlọrin, ọdẹ ló ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Ọdẹ yìí kì í ṣe àjèjì. A mọ orúkọ rẹ̀, a mọ ilé rẹ̀, a sì mọ ẹni tó gbà á síṣẹ́. Bí ewúrẹ́ ẹnì kan bá sọnù, ilẹ̀ á mọ́, á gba ilé ọdẹ lọ: "Bàbá ọdẹ, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ rí lóru àná?" Ọdẹ á sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Lónìí, kámẹ́rà ti ń gba iṣẹ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́. Ó wà lára ògiri báǹkì, ó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn olówó. Ó lójú, kò lẹ́nu. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tó rí, ta ni ká bi?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ní 1942, ilẹ̀ Jámánì lo irú ẹ̀rọ yìí kí àwọn onímọ̀ wọn lè máa wo rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun láti òkèèrè. Nígbà tó yá, ó bọ́ sọ́wọ́ báǹkì àti ọlọ́pàá káàkiri ayé. Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ ẹ̀rọ ààbò ìlú fún ilé iṣẹ́ ZTE ti ilẹ̀ Ṣáínà ní 2010. Mílíọ̀nù 470 dọ́là ni owó rẹ̀, Ṣáínà ni wọ́n sì ti yá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kámẹ́rà 2,000 ni wọ́n ní àwọn yóò gbé kalẹ̀: 1,000 l'Ábújà, 1,000 l'Ékòó. Ìlọrin kò sí níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi dákẹ́, tí àwọn aṣòfin sì ń wádìí ibi tí owó gbà. Gbèsè ńkọ́? Gbèsè kò dákẹ́ ní tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kámẹ́rà báǹkì ti ṣiṣẹ́ ní Kwara wa níbí. Ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2018 ni àwọn adigunjalè ya wọ Ọ̀fà. Wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ja báǹkì lólè, wọ́n sì pa ènìyàn tó lé ní 30. Kámẹ́rà ti rí ojú àwọn kan nínú wọn. Nínú oṣù yẹn náà ni ọlọ́pàá gbé àwòrán jáde, wọ́n sì ṣèlérí mílíọ̀nù 5 náírà fún ẹni tó bá lè júwe wọn. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ gíga n'Ílọrin. Ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án 2024 ni adájọ́ dájọ́ ikú fún ènìyàn 5.

Ta ló máa sọ pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò wúlò? Kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ló béèrè tí wọ́n fi fún un. Bí ìwọ bá béèrè ńkọ́? Ká ní ọlọ́kadà kan gbá ọ lójú ọ̀nà Táíwò, níwájú ilé tó ní kámẹ́rà, ó sì sá lọ. O wọlé, o bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ọ̀gá kò sí nílé. O padà lọ, wọ́n ní kó o mú ọlọ́pàá wá. Títí wàá fi rí ọlọ́pàá, ẹ̀rọ ti ya àwòrán tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ó parí nìyẹn.

Ẹ wo ìdà kejì. Ní 1995, ní ìlú Brentwood nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ayé sú ọkùnrin kan, ó mú ọ̀bẹ jáde lóru, ó fẹ́ para rẹ̀. Ẹni tó ń wo kámẹ́rà ìjọba ìbílẹ̀ rí i, ó pe ọlọ́pàá, wọ́n sì gbà á là. Ó mà dára o! Àfi bí ìjọba ìbílẹ̀ náà ṣe gbé àwòrán rẹ̀ fún ìwé ìròyìn àti tẹlifíṣọ̀n láti fi yangàn pé kámẹ́rà àwọn ń ṣiṣẹ́. Àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá a mọ̀. Ọkùnrin náà pẹjọ́ títí dé ilé ẹjọ́ Yúróòpù, ó sì jàre ní 2003. Wọ́n ní kí wọ́n san owó Yúróò 11,800 fún un. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí èèyàn tilẹ̀ wà ní títì, àwòrán rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń pín kiri bí àkàrà.

Àwa náà ní òfin. Abala 37 nínú ìwé òfin 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà. Òfin 2011 ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba dá ẹni tó bá béèrè àkọsílẹ̀ lóhùn láàárín ọjọ́ 7. Èyí tó kan ojú rẹ gan-an ni òfin tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023. Abala 34 rẹ̀ fún ọ láṣẹ láti bi ẹni tó ní kámẹ́rà bóyá àwòrán rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó o sì gba ẹ̀dà tìrẹ. Lóòótọ́, òfin fi àyè sílẹ̀ fún ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀ràn, ẹ̀tọ́ àwọn mìíràn tó wà nínú àwòrán náà sì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, má fi ẹnu lásán béèrè. Kọ ìwé lọ́jọ́ náà gan-an. Sọ ọjọ́, wákàtí, ibi tó o dúró sí, àti aṣọ tó o wọ̀. Sọ fún wọn pé kí wọ́n má pa á rẹ́. Tọ́jú ẹ̀dà ìwé rẹ. Bí wọ́n bá kọ̀, gbé ẹjọ́ wọn lọ sí Nigeria Data Protection Commission.

Bàbá ọdẹ kì í bínú bí a bá bi í pé kí ló rí lóru. Ó mọ̀ pé nítorí wa ni òun kò ṣe sùn. Ẹ jẹ́ kí àwọn onílé kámẹ́rà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.