Pàtànmọ́ Ẹ̀gbẹ́ Pápá

"Àti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́." Ẹnu olùkọ́ tó mú pàṣán lọ́wọ́ la ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìbáwí nìkan ló wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ pa á ti ní láti mọ ìrókò láti ìgbà tó ṣì wà ní ọ̀jẹ̀lẹ́. Ẹ wá ní kí ọmọ ilé-ìwé kan n'Ìbàdàn fi ìrókò hàn yín lónìí. Yóò ka òwe náà já geere. Igi gan-an ni kò mọ̀.

Kò sì dìgbà tó bá wọ igbó. Pàtànmọ́ ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bọ́ọ̀lù. Ọmọ wo ni kò tíì fọwọ́ kàn án rí kó lè rí i bó ṣe ń pa ewé dé? Ibẹ̀ ni kí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀: omi tó kún ìdí ewé náà, tó mú kó dúró, ló sá kúrò níbẹ̀ lójijì, tó bá yá, omi á padà, ewé á tún là. Kí wọ́n wá rọra hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Wọn á rí kókó wínníwínní lára gbòǹgbò náà. Àwọn ẹ̀dá tí ojú lásán kò lè rí ló ń gbé inú rẹ̀, tí wọ́n ń mú náítírójìn inú afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún un. Irú kókó bẹ́ẹ̀ wà lára ẹ̀wà àti ẹ̀pà, ló fi jẹ́ pé wọ́n máa ń ran ilẹ̀ tó ti ṣá lọ́wọ́.

Ẹ̀ga orí ọ̀pẹ ńkọ́? (Ariwo wọn tó ń bo ohùn olùkọ́ mọ́lẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ wa fi mọ̀ wọ́n.) Akọ ló ń fi ẹnu ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ hun ilé. Tó bá hun ún tán, á so rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, á máa ju apá, á máa pe abo. Bí abo bá kọ̀ ọ́ títí ilé fi gbẹ, akọ á tú u ká, á tún òmíràn hun. Ọmọ tó bá ń wò wọ́n, tó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀ lójoojúmọ́, ti wọnú sáyẹ́ǹsì nìyẹn. A sì lè fi Yorùbá kọ́ ọ: ní 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Ífẹ̀, sáyẹ́ǹsì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n fi kọ́ wọn.

Ohun tó ń ká mi lára ni pé ìyà ló sábà máa ń mú ọmọ dé ìdí koríko: ẹni tó pẹ́ dé ni wọ́n ń fún ní àdá. Àwọn ilé-ìwé aládàáni kan tilẹ̀ ti fi sìmẹ́ǹtì bo gbogbo ilẹ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá ilé-ìwé dá igun kan sí tí àdá kò ní kàn ní gbogbo táàmù òjò, kí àwọn ọmọ fi okùn yí i ká, kí wọ́n sì máa kọ orúkọ ohun tó bá hù níbẹ̀. Èyí tí olùkọ́ pàápàá kò bá mọ̀, kí wọ́n já ewé rẹ̀ lọ bá ìyá eléwé-ọmọ lọ́jà.